Ọjọ́ Tí Kerttu Yin Ọmọ Rẹ̀

Ní ìlú Nurmes, nígbà tí ìrì dídì ti ga dé ojú fèrèsé tí adágún sì ti gan paraku, Kóòṣì Rauno Hyvärinen jókòó sí ilé ìdáná Kerttu Väänänen. Òun ló ń yan àwọn tó máa gbá họ́kì orí yìnyín fún Fínlándì ní Òlíńpíìkì. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ mú, ẹni tí yóò máa dúró lẹ́yìn dí ọ̀nà mọ́ àwọn alátakò. Àwọn méjì ló ń du àyè náà: Santeri, ọmọ Kerttu, àti ọmọkùnrin kan láti Turku. Eré ọwọ́ wọn dọ́gba, ìdí nìyẹn tí Kóòṣì fi ń lọ bá ìyá kálukú nílé, kó lè mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti bọ́ bàtà irin tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín kúrò lẹ́sẹ̀.

Kerttu ti múra dè é. Marjut, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Tòróńtò, ti kìlọ̀ fún un lórí fóònù pé Kóòṣì yìí pẹ́ ní Kánádà kó tó padà wálé, àti pé lọ́hùn-ún, ìyá tí kò bá yin ọmọ ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí ọmọ náà. "Mọ́mì, ẹ yìn ín. Ẹ má tijú, ẹ má sì ṣahun." Kerttu ò yin ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀ àfi Olúwa. Ó gbàdúrà láàárọ̀ ọjọ́ náà kí Olúwa fún un ní ìgboyà, kí Ó sì má jowú pé òun fẹ́ yin ẹlòmíì. Taisto ọkọ rẹ̀ ní tiẹ̀ gbọ́ ìró mọ́tò, ó gbé ìwọ̀ ẹja, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sórí adágún.

"Kóòṣì, ẹ jẹ́ n bu kọfí fún yín."

"Ẹ má ṣe wàhálà, Màmá Santeri."

"Wàhálà kọ́. Ó ti wà lórí iná."

"Mo ti mu lójú ọ̀nà."

"Ti ojú ọ̀nà kọ́ lèyí."

"Ó dáa, ẹ bu díẹ̀. Àbọ̀ ife."

Ó bu ife kún dé etí, ó sì gé búrẹ́dì aládùn tó fọwọ́ dì bí ẹni ń dirun sí abọ́. Ọkàn àwọn méjèèjì balẹ̀. Àlejò ti kọ̀ bó ṣe yẹ kó kọ̀, ó sì ti gbà bó ṣe yẹ kó gbà.

"Ó dáa náà," ni Kóòṣì wí, ó gbé ife. "Irú ọmọ wo ni Santeri?"

Kerttu nu ọwọ́ mọ́ épúróònì rẹ̀. Ó di etí tábìlì mú bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ gbé fò.

"Ọmọ dáadáa ni."

Kóòṣì gbé ife tó ti kan ètè rẹ̀ padà sórí tábìlì.

"Ẹ ní kí lẹ wí?"

"Mo ní ọmọ dáadáa ni. Ó dáa gan-an."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò sóhun tó ṣe é."

"Màmá Santeri, ọmọ Kuhmo lèmi, ìtòsí yín níbí ni wọ́n bí mi sí. Kò sí ìyá kan ní gbogbo agbègbè yìí tó máa lanu sọ pé ọmọ òun dáa láìnídìí. Ṣé orúnkún ni?"

"Orúnkún ẹ̀? Orúnkún ẹ̀ le bí irin."

"Irin." Kóòṣì mi orí jẹ́jẹ́. "Wọ́n ti fi irin sí i nìyẹn."

"Wọn ò fi nǹkan kan sí i. Mò ń yìn ín ni."

"Mo gbọ́ pé ẹ ń yìn ín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Kerttu wò ó lójú. Ọkùnrin yìí ò tíì yó, ló rò nínú ara rẹ̀. Ìyìn Kánádà gbọ́dọ̀ pọ̀ ju báyìí lọ. Marjut ṣáà ti ní kóun má ṣahun.

"Kóòṣì, kí n má tàn yín, kò sẹ́ni tó dà bíi Santeri ní gbogbo Fínlándì yìí."

Kóòṣì pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sórí itan, ó jókòó bí ẹni tó wà ní ìjókòó iwájú níbi ìsìnkú.

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láti kékeré ni."

"Láti kékeré, ẹ sì jẹ́ kó máa gbá họ́kì?"

"Ta ló lè dá a dúró?"

"Dókítà ńkọ́? Kí ni dókítà sọ?"

"Ha, dókítà fẹ́ràn ẹ̀. Ó gbé fọ́tò ẹ̀ kọ́ ara ògiri níbi tó ti ń tọ́jú èèyàn."

"Ó gbé fọ́tò ẹ̀ kọ́." Ohùn Kóòṣì lọ sílẹ̀. "Irú èyí tí wọn ò rí rí nìyẹn."

"Wọn ò rí irú ẹ̀ rí lóòótọ́," ni Kerttu dáhùn, inú rẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ ti ń wọ Kóòṣì létí. "Pásítọ̀ wa náà ò lè gbàgbé ẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó dárúkọ ẹ̀ nínú àdúrà, lójú gbogbo ìjọ."

Kóòṣì dìde, ó lọ sídìí fèrèsé. Lórí adágún lọ́hùn-ún, Taisto jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tó gbẹ́ sínú yìnyín, ó kẹ̀yìn sílé.

"Bàbá ẹ̀ nìyẹn?"

"Òun ni."

"Nínú òtútù yìí, òun nìkan. Ó ti mọ̀ nìyẹn."

"Kí ló mọ̀? Ẹja ló ń pa."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, mà. Bí àwọn ọkùnrin wa ṣe ń sunkún nìyẹn." Ó padà wá jókòó. "Ẹ wò ó, mo mọ bó ṣe ń rí. Bàbá tèmi yìn mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Rauno, o ò burú jù.' Lójú ẹsẹ̀ ni mo pe gbogbo ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n máa bọ̀."

"Ó kú?"

"Kò kú o. Ara ẹ̀ yá. Kò sì dárí jì mí títí dòní pé mo gbọ́ ọ."

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá."

"Ẹ ṣé. Ṣé Santeri ń jẹun?"

"Ó ń jẹun dáadáa. Tó bá jẹun tán, ó ń fọ abọ́."

"Ó ń fọ abọ́." Kóòṣì dijú díẹ̀. "Ó ti ń bá gbogbo èèyàn parí ìjà nìyẹn. Ṣé ó máa ń pè yín?"

"Ó pè lọ́jọ́ Ìsinmi. A sọ̀rọ̀ pẹ́."

"Ẹ sọ̀rọ̀ pẹ́? Òun àti ẹ̀yin? Kí ló sọ?"

Kerttu tún nu ọwọ́ mọ́ épúróònì. Ó rántí àwọn fíìmù tí Marjut máa ń fi hàn án nígbà tó bá wálé, níbi tí ọmọ máa ń dì mọ́ ìyá ẹ̀ níparí, tí yóò sì sọ ọ̀rọ̀ kan báyìí.

"Ó ní... ó ní òun fẹ́ràn mi."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ń gbé ètè wúyẹ́wúyẹ́: Olúwa, dárí jì mí, nítorí ọmọ ni. Kóòṣì rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì.

"Ẹ máa gbàdúrà, mà," ló wí. "Ohun tó kù tẹ́ ẹ lè ṣe nìyẹn."

Ó ti fa fóònù yọ lápò.

"Ta lẹ fẹ́ pè, Kóòṣì?"

"Ọmọ Turku. Màmá Santeri, ó dùn mí wọnú eegun. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọmọ tí ara ẹ̀ ò dá lọ sí Òlíńpíìkì. Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé mo ní..." ó wá ọ̀rọ̀ tó tó fún irú àkókò bẹ́ẹ̀, "pé mo ní kò burú."

Kerttu fojú inú rí Santeri nígbà tó kéré, tó ń fi ọ̀pá họ́kì gbá ìrì dídì kúrò lórí adágún kó tó jẹun òwúrọ̀. Ó rí ìgbà òtútù lórí ìgbà òtútù. Ó nawọ́ bo fóònù náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ dúró ná. Ìyá ti Turku ńkọ́, kí lòun sọ?"

"Obìnrin dáadáa nìyẹn. Ó ní ọ̀lẹ lọmọ ọ̀hún. Ó ní kò mọ nǹkan kan ṣe ju kó dúró dí ẹlòmíì lọ́nà lọ. Ó ní bó bá ti wọlé báyìí, ẹnikẹ́ni ò rí àyè kọjá mọ́. Ọkàn mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀."

Kerttu gbé kẹ́tù kọfí kalẹ̀ gbàà.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Ojú ò sì tì í? Ẹni tó máa dí ọ̀nà lẹ ń wá, ó wá ní ẹnikẹ́ni ò rí àyè kọjá lára ọmọ òun. Kóòṣì, obìnrin yẹn ń fọ́nnu."

Kóòṣì ronú sí i. Kò tíì wò ó láti apá ibẹ̀.

"Ó ń fọ́nnu gbangba," ni Kerttu wí, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Bí àwọn ará Turku ṣe rí nìyẹn, wọ́n ti sún mọ́ Súwídìn jù, ilé àwọn afọ́nnu. Ọ̀lẹ, ó ní ọ̀lẹ. Kí ni wọ́n mọ̀ nípa ọ̀lẹ? Ẹ dìde, ẹ wá wo ọ̀lẹ."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òórùn kan wọlé, ó sì jókòó tì wọ́n.

"Ẹ gbọ́ òórùn yẹn?"

"Mo ti ń gbọ́ ọ látìgbà tí mo ti wọlé. Mo rò pé ẹja ni."

"Ì bá ṣe pé ẹja ni. Báàgì họ́kì Santeri ni. Ìgbà Kérésìmesì ló jù ú síbẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e. Ológbò wa ti kó lọ sílé aládùúgbò."

"Ológbò kó lọ," ni Kóòṣì wí. Ó rọra jókòó.

"Ẹ wo sáúnà wa lóde yẹn, ilé ooru tí à ń wẹ̀ nínú ẹ̀. Kí lẹ rí lójú fèrèsé ẹ̀?"

"Páálí."

"Páálí ni. Ó fi róbà họ́kì fọ́ gíláàsì ibẹ̀. Taisto fi òmíràn sí i, ó tún fọ́ ìyẹn. Taisto bi í pé ṣé kò rí ibi tó ń gbá a sí ni. Ó ní òun rí i, ibẹ̀ gan-an lòun fojú sùn."

"Níbo ló wà nígbà tó gbá a?"

"Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí ìrì dídì bò yẹn."

Kóòṣì wo ọkọ̀ náà, ó wo fèrèsé, ó tún wo ọkọ̀ náà.

"Ibẹ̀ jìnnà."

"Kí ni jíjìnnà fẹ́ ṣe fún mi? Ìhòòhò la wà nínú sáúnà, Kóòṣì, atẹ́gùn òtútù ń fẹ́ wọlé bá wa."

"Ẹ máa bá a lọ."

"Èmi ni n ò ní bá a lọ? Bàbá ẹ̀ tó jókòó lórí adágún yẹn, bàbá arúgbó, ó ní káwọn jọ gbá họ́kì ṣeré lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ọmọ yìí tì í sínú òkìtì ìrì dídì, àfi ẹsẹ̀ la rí lókè. Mo ké sí i, mo ní, 'Santeri, bàbá ẹ mà nìyẹn.' Ṣé ẹ mọ ohun tó dá mi lóhùn?"

"Kí ló wí?"

"Ó ní, 'Ó fẹ́ kọjá ni.'"

"Ó fẹ́ kọjá ni," ni Kóòṣì tún wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka Sáàmù.

"Kò tọrọ gáfárà títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Eyín ẹ̀ kán, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn ló jókòó sí, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan jẹ búrẹ́dì ráì tó le bíi pákó. Ìgbà tí mo fẹ́ fọ ṣòkòtò ẹ̀ ni mo bá eyín nínú àpò."

"Dókítà tẹ́ ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan..."

"Dókítà eyín ni. Ó gbé fọ́tò ẹnu ẹ̀ kọ́ ògiri láti fi dẹ́rù ba àwọn ọmọdé tí kì í dé akoto."

"Àdúrà pásítọ̀ ńkọ́?"

"Nítorí ilẹ̀kùn ni. Ó fi èjìká já ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìjọ lójú eré sísá, ó ní òun á tún un ṣe. Pásítọ̀ ní kí Ọlọ́run rán an létí, torí àwa ti rán an létí tó ti sú wa."

"Fífọ abọ́?"

"Abọ́ kan ṣoṣo tó fọ̀ láyé ẹ̀, ó fọ́ ọ."

Ojú Kóòṣì ti ń là. Ó sún ìjókòó mọ́ tábìlì.

"Ìpè ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ ní ẹ sọ̀rọ̀ pẹ́."

"Ó pè. Ó ní, 'Èmi ni.' Mo ní, 'Mo ti gbọ́.' Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ó ní, 'Ṣé yìnyín wà lórí adágún?' Mo ní, 'Ó wà.' Ó ní, 'Ó dáa náà.' Ó pa fóònù."

"Ìyẹn ló pẹ́?"

"Ó pẹ́. Ibi tá a ti dákẹ́ yẹn ló gùn."

"Màmá Santeri, mo bẹ̀ yín, eléyìí ló ṣe pàtàkì jù. Èyí tẹ́ ẹ ní ó fẹ́ràn yín yẹn."

Kerttu wolẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa. Ọmọ yẹn ò sọ irú ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ àwọn ìyá. Ọlọ́run ti gbọ́ irọ́ mi, màá rí I ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Kóòṣì wí, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Ta ló tiẹ̀ kọ́ yín ní irú ọ̀rọ̀ burúkú tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ń sọ yẹn?"

"Marjut ni. Ó ní ẹ pẹ́ ní Kánádà, pé ìyìn ti mọ́ yín lára."

"Mọ́ mi lára kẹ̀? Láràárọ̀ ni wọ́n ń yìn mí níbẹ̀, mi ò fojú kan oorun. Mò ń bi ara mi pé kí ni wọ́n mọ̀ tí wọn ò fẹ́ sọ fún mi. Ọjọ́ tí wọ́n wá lé mi níṣẹ́, wọ́n yìn mí débi pé ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì tún padà lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì."

"Ó mà ṣe o. Ṣé kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún yín bí ọmọlúàbí?"

"Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ló sọ fún mi. Ará Ọ́sítríà ni, wọn ò tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yin èèyàn."

Kóòṣì sún ife rẹ̀ síwájú.

"Ẹ bu kọfí sí i fún mi."

Ọwọ́ Kerttu dúró lórí kẹ́tù. Àlejò ló fẹnu ara ẹ̀ tọrọ kọfí, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu Kóòṣì sì ti gbé sókè díẹ̀ lápá kan, èyí tó jẹ́ pé ní Nurmes, ijó àti ayọ̀ nìyẹn. Ó bu kọfí náà láìsọ̀rọ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù pé bóun bá tún la ẹnu, nǹkan dáadáa lè tún já bọ́ níbẹ̀.

Kóòṣì mu kọfí tán. Ó tẹ fóònù, ó gbé e sétí.

"Rauno ni. Ẹ fi ti Turku sílẹ̀. Santeri Väänänen ni kẹ́ ẹ mú... Bẹ́ẹ̀ ni, mo wà nílé wọn... Kí ni ìyá ẹ̀ sọ?" Ó wo Kerttu. "Ó ní kò wúlò fún nǹkan kan. Ó sọ ọ́ látọkànwá."

Ó ti fóònù bọ àpò. Kerttu yíjú sí ìdáná, ó fi etí épúróònì nu ojú, ó tún nù ún.

"Èéfín ni," ló wí.

Kóòṣì wo sítóòfù náà, tó jẹ́ pé iná mànàmáná ló ń lò.

"Ó pọ̀ lóòótọ́," ló fèsì. Ó dìde, ó ń wá ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un?"

"Màá pè é tó bá dìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ìyá ẹ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè é. Ẹ sọ fún un pé kó kó ẹrù ẹ̀, kó máa bọ̀ ní Helsinki."

"Kó kó ẹrù ẹ̀. Mo gbọ́."

Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Òtútù wọlé, òórùn báàgì jáde lọ bá a. Kóòṣì ti wọ ìbọ̀wọ́ kan, ó ń wọ èkejì, nígbà tí Kerttu fà á lápá ẹ̀wù.

"Kóòṣì, ohun kan péré ni mo fẹ́ bi yín. Tí mo bá pè é tán, tí mo bá ti sọ ti ẹrù yẹn. Ṣé mo lè sọ fún un pé inú mi dùn sí i? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. N ò ní pariwo."

Kóòṣì fi ìbọ̀wọ́ kejì sílẹ̀. Ojú ẹ̀ ti tún le, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé ọmọ náà lè wà nítòsí kó gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá Santeri, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Súwídìn la máa kọ́kọ́ bá gbá. Tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu yín, aṣọ tó máa wọ̀ níbi ìsìnkú yín ni ọmọ yẹn máa kó sẹ́rù."